Ẹjọ́ Òdòdó Tí Bàbá Mi Kò Fẹ́ Kó Parí

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé ní Àgbádárìgì, ẹ̀yin ọmọ mi, ojú pọ́n aráyé, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ olódòdó wà nílùú. Mo mọ̀ pé ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ gbogbo orílẹ̀-èdè ni, Èkó ni olú ilé rẹ̀ wà. Iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n gbin òdòdó síwájú ilé, kí wọ́n máa pàdé lóṣooṣù, kí wọ́n sì máa gé ẹ̀ka fún ara wọn lọ gbìn. Bàbá mi ni alága ẹ̀ka tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí ọmọ ẹgbẹ́ kó jọ. Wolé-wolé ni. Láyé ìgbà yẹn, tí wolé-wolé bá yọ ní ìkóríta nínú kaki rẹ̀, àwọn ìyá á ti máa da omi inú ìkòkò nù kó tó dé, torí tó bá rí tanwíjí níbẹ̀, kóòtù yá nìyẹn. Bàbá mi sì fẹ́ràn òdòdó ju oúnjẹ lọ. Tó bá yẹ àyíká ilé wò tán, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Iwájú ilé yín yìí ì bá mà dára o, tí òdòdó bá wà níbẹ̀. Ẹ ò ṣe wá bá wa ṣẹgbẹ́?" Ta ni yóò lóun ò ṣe? Báyìí ni pálọ̀ wa ṣe máa ń kún fọ́fọ́. Bàbá mi rò pé ìfẹ́ òdòdó ló kó wọn wá. Ìyá mi, ọmọ Ègùn láti Gberefu, mọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò bá a sọ ọ́.

Ìgbà tó yá, ọ̀wọ́n dé. Sójà ló wà lórí àlééfà, wọ́n ní kí kálukú fún ìgbànú mọ́ra. Mílíìkì di ohun tí à ń tò fún láti àárọ̀, ṣúgà di oògùn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá òṣìṣẹ́ ìjọba dúró, ó sì kan bàbá mi. Ó bọ́ kaki sílẹ̀. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, àwa mẹ́rin péré la wà níbẹ̀: bàbá mi, ìyá mi, èmi, àti bàbá arúgbó kan tí kò tí ì gbọ́ pé wọ́n ti dá wolé-wolé dúró. Nígbà tó gbọ́, ó dé fìlà rẹ̀, ó lọ.

Mo rí bàbá mi lọ́jọ́ yẹn. Ó jókòó láàárín àwọn àga òfìfo, ó ń fi àkísà nu ewé òdòdó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí iṣẹ́ bọ́, kò sunkún. Àìwá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yìí gan-an ló fẹ́ pa á. Ó ní, "Àbí ẹ̀rù mi ló ń bà wọ́n látọjọ́ yìí?" Ìyá mi bu gààrì fún un.

Ó sapá o. Ó sọ̀rọ̀ lórí fífi ìgbẹ́ adìyẹ ṣe ajílẹ̀ títí tí àwọn tí ìyá mi fi ẹ̀bẹ̀ kó wá fi sùn lọ. Ó dá orin ẹgbẹ́ sílẹ̀, òun nìkan ló kọ ọ́ dópin. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n á ní, "Bàbá, ṣé fúláwà la ó wá jẹ ni?" Ibi tó ti ń ṣe èyí ni olú ilé ẹgbẹ́ ti rán tíṣà kan sí i láti Èkó pé akọ̀wé àgbà ń bọ̀ wá bẹ̀ wá wò tí ìgbà òjò bá ti parí, àti pé ẹ̀ka tí kò bá lérò, wọn yóò tì í pa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan ń yan ẹja ní Gberefu, ó máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá tà á lọ́jà Agbalata. Ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ tó fi ń la ẹja lọ. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó yà ní ìpàdé, kó ṣáà jókòó, kí àga má baà ṣófo. Ó wọlé, ó rí òdòdó pupa tí télọ̀ àdúgbò wa gbé wá, ó ní, "Ta ló se èyí?"

Télọ̀ ní, "Ìyá, òdòdó ni, a ò sè é."

"Mo rí i pé òdòdó ni. Ó kàn rọ̀ bí ẹja tó sùn mọ́jú nínú agbọ̀n ni. Tèmi tó wà lẹ́yìn ààrò, tí èéfín ń fín lójoojúmọ́, ó sàn ju èyí lọ."

Télọ̀ dìde. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òdòdó mi wé ẹja. Tó bá dá yín lójú, ẹ gbé tiyín wá."

"Èmi lò ń pè níjà? Ìwọ tó o rán ṣòkòtò fún ọmọ mi, tó ya nídìí ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

Ilé dàrú. Àwọn tó ń kọjá lọ dúró lójú fèrèsé. Bàbá mi nawọ́ sókè, ó fẹ́ parí ìjà bí àgbà, ni ìyá mi bá fa aṣọ rẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ má parí ẹ̀. Ẹ wo fèrèsé."

Bàbá mi wo fèrèsé. Ó wúkọ́. Ó ní, "Ẹgbẹ́ ti gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì. A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀wò lóṣù tó ń bọ̀."

Nígbà tí oṣù náà dé, àga ò tó. Ìyá ẹlẹ́ja gbé òdòdó tirẹ̀ gun ọkọ̀ kọjá ọ̀sà, ó fi gèlè ṣíji bò ó bí ọmọ tuntun. Bàbá mi sì ti ṣòfin pé ẹni tí kò bá ní òdòdó kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá sí ẹjọ́, àfi kó gbin tiẹ̀. Ni wọ́n bá ń gbìn. Wọ́n ń gbìn sínú agolo, sínú garawa jíjò, sínú bàtà òjò tó ti ya. Èmi náà gbin ewé aláràbarà kan sínú agolo, torí èmi náà lọ́rọ̀ láti sọ. Wọ́n ní omi tí ìyá ẹlẹ́ja fi ń fọ ẹja ló fi ń bomi rin òdòdó, ìyẹn ló ṣe pọ́n bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́, gbogbo aṣọ tó ń tọ̀dọ̀ télọ̀ jáde bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí ẹja, kò sì sẹ́ni tó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀.

Oṣooṣù ni bàbá mi ń sún ẹjọ́ síwájú. Ara rẹ̀ yá gágá.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ kan kí akọ̀wé àgbà dé, ni àjálù bá já lù wá: àwọn méjèèjì bá ara wọn rẹ́. Ìyá ẹlẹ́ja yọ̀ ṣubú ní èbúté, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ́. Télọ̀ ló gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ dé ọsibítù, ó sì gbé òdòdó rẹ̀ lọ sílé, ó ń bá a tọ́jú rẹ̀. Nígbà tí ìyá náà gbọ́, ó ní, "Ọmọ dáadáa lọmọ yìí. Òdòdó ẹ̀ náà ò burú."

Bàbá mi dorí mú. "Kò burú kẹ̀! Wọ́n ti pa mí!"

Lọ́jọ́ àbẹ̀wò, ó wọ aṣọ tó dára jù tó ní, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Télọ̀ ló kọ́kọ́ dé, ó di ìyá ẹlẹ́ja tó ń tiro lọ́wọ́ mú. Lẹ́yìn wọn ni àwọn yòókù ń wọlé, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń bọ̀, títí dórí àwọn ará ìlú Mowo. Bàbá mi ò lè mú un mọ́ra. Ó bi ìyá alákàrà kan pé, "Ṣé ẹ gbọ́ pé ẹjọ́ ti parí?"

Ìyá náà wò ó tìyanu-tìyanu. "Ẹjọ́ wo? Òdòdó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ṣé ògiri ni kí n máa fi òdòdó hàn ni?"

Bàbá mi kọjú sí ògiri, ó ń fọn ikun. Ó ní eruku ni.

Akọ̀wé àgbà dé, ó rìn yí ká, ó yìn wọ́n. Lẹ́yìn náà ló ṣi ẹsẹ̀ gbé. Ó nawọ́ sí ewé aláràbarà tèmi nínú agolo, ó ní èyí ló gba ipò kìíní. Họ́wù! Ìyá ẹlẹ́ja àti télọ̀ jọ fò dìde, wọ́n jọ kígbe pé, "Ipò kìíní kẹ̀!" Kálukú gbé tirẹ̀ sókè, ariwo gba àdúgbò kan. Ọkọ̀ sójà tó ń kọjá lọ dúró gbìì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ tìbọn-tìbọn, ó ní, "Ta ló fún yín láṣẹ láti kóra jọ?"

Kálukú gbé òdòdó rẹ̀ sílẹ̀. Ojú bàbá mi funfun. Ìyá ẹlẹ́ja nìkan ló tiro síwájú. "Ọmọ mi, ìgbà tó yẹ lo dé. Gbé ìbọn yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èyí àti ìyẹn, èwo ló dára jù?"

Sójà wo èyí, ó wo ìyẹn. Ó wo ojú ìyá ẹlẹ́ja, ó wo ojú télọ̀. Òógùn bò ó. Ó ní, "Ìyá, ẹ dákun, ẹnu mi ò gba èyí. Ẹ ṣáà rọra máa pariwo." Ó padà sínú ọkọ̀, wọ́n sì lọ.

Akọ̀wé àgbà nu ojú rẹ̀, ó ní ní gbogbo Nàìjíríà, òun ò tí ì rí ẹ̀ka tí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀ tó tiwa. Wọn ò tì wá pa. Ọjọ́ pẹ́ kí bàbá mi tó gbé ipò alága sílẹ̀, ìgbà tí kò lágbára láti ru omi mọ́ ló tó gbé e sílẹ̀.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Kọnkéré ló wà níwájú ilé báyìí, ògiri sì ga débi pé kò sẹ́ni tó mọ ohun tí ẹnìkejì gbìn. Ọmọ ọmọ mi fi ẹgbẹ́ olódòdó kan hàn mí lórí fóònù. Àwòrán pọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń fi àtàǹpàkò yin ara wọn. Mo bi í bóyá ó ti dé ilé ẹnì kan nínú wọn rí. Ó ní rárá. Àwọn tó ń gbé lẹ́yìn ògiri gíga wọ̀nyẹn máa ń sọ fún mi pé àwọn àti aládùúgbò àwọn kì í jà. Mo máa ń kí wọn kú oríire. Tí mo bá wá bi wọ́n pé kí lorúkọ aládùúgbò ọ̀hún, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago ọwọ́ wọn.