Ẹni Karùn-ún ní Ṣọ́míìlì Ìbítáyọ̀

Iṣẹ́ tí Matilda Ògúnbánwò ń ṣe ni pé kó máa bi ènìyàn pé èló ni wọ́n ń gbà lóṣù. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń bi wọ́n. Ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ẹni tó bá bi ọ́ ní iye tó ń wọlé fún ọ, bóyá ó fẹ́ yá owó níbẹ̀ ni, tàbí ó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ. Matilda kò wá èyíkéyìí níbẹ̀. Ìjọba ló ní kó lọ béèrè.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ìwé ńlá kan wà ní Èkó tí orúkọ ilé-iṣẹ́ gbogbo wà nínú rẹ̀, tàbí tí wọ́n ní gbogbo wọn wà nínú rẹ̀. Wọ́n á ṣà díẹ̀ nínú wọn, wọ́n á ní àwọn díẹ̀ yìí ni kó dúró fún àwọn yòókù. Méjìlélọ́gbọ̀n ló kan Matilda ní Ìjẹ̀bú-Òde àti agbègbè rẹ̀: ilé ìtẹ̀wé, ilé búrẹ́dì, ilé ìwòsàn aládàáni, ṣọ́míìlì. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni yóò gbé fọ́ọ̀mù dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ á kọ iye òṣìṣẹ́ tó ní àti iye tó ń san fún wọn. Matilda á gba fọ́ọ̀mù padà, á yẹ̀ ẹ́ wò, á fi nọ́ńbà sí i lórí, nítorí pé nọ́ńbà ni wọ́n ń pe iṣẹ́ níbẹ̀. Nọ́ńbà iṣẹ́ igi ni mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Lẹ́yìn náà á da gbogbo rẹ̀ kọ sórí ìwé fífẹ̀ kan tó máa lọ sí Abẹ́òkúta, láti Abẹ́òkúta ó di Èkó, níbi tí wọ́n ní ẹ̀rọ kan ń gbé e mì. Ní ọdún méjì sí i, ìwé kan á jáde. Àwọn ọ̀mọ̀wé á ṣí i, wọ́n á sọ pé, owó òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà rí báyìí-báyìí. Kò sí ẹni tó máa bi ìwé náà pé ta ló sọ fún un.

Mẹ́fà ni wọ́n nínú yàrá tí Matilda ti ń ṣiṣẹ́ títí di ọdún 1984. Ọdún yẹn ni ìjọba dín òṣìṣẹ́ kù, ó sì ku òun àti ọ̀gá rẹ̀, Theophilus Fálẹ́yẹ. Wọn kò kó tábìlì àwọn tó lọ. Matilda to fáìlì sórí mẹ́ta nínú wọn, ó ń jẹun lórí ìkẹrin. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń di ẹrù, kò sunkún. Àwọn ènìyàn ní ọkàn rẹ̀ le. Ọkàn rẹ̀ kò le. Kò kàn dùn ún ni, àti láti ọjọ́ náà, nǹkan púpọ̀ kò dùn ún mọ́, nǹkan púpọ̀ kò sì dùn mọ́ ọn. Ó ń jẹ ìkókoré bí ẹni ń jẹ bébà.

Ní oṣù kejì ọdún 1987, ṣọ́míìlì tuntun kan wọ inú àwọn tí wọ́n ṣà fún un, ṣọ́míìlì Ernest Ìbítáyọ̀ ní ọ̀nà Odògbólú. Fọ́ọ̀mù tí Ìbítáyọ̀ kọ mọ́ tónítóní: òṣìṣẹ́ mẹ́rin, náírà márùndínláàádóje fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Iye tí òfin ní kí owó òṣìṣẹ́ má dín sí gan-an nìyẹn. Iye yẹn ni gbogbo ọ̀gá mọ̀ ọ́n kọ. Ìwé ìlànà sọ pé tí owó gbogbo òṣìṣẹ́ bá bára mu rẹ́gí, kí akọ̀wé lọ fojú ara rẹ̀ rí i. Matilda lọ. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ yá gágá. Ìwé ìlànà ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ìbítáyọ̀ kò sí nílé lọ́jọ́ náà, ó ti lọ wo gẹdú ní Ìbefun. Bọ́dúnrìn, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ la igi, pa ẹ̀rọ, ó gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lórí.

“Ẹ káàárọ̀ o, Màdáàmù. Ṣé owó lẹ gbé wá fún wa?”

“Ìbéèrè ni mo gbé wá.”

“Ìbéèrè ò ṣeé sè jẹ o!” Àwọn mẹ́ta tó ń yí igi bú sẹ́rìn-ín. “Ó dáa, ẹ kọ tèmi sí àádọ́jọ náírà. Àwọn ọ̀lẹ mẹ́ta yìí, ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún. Ẹ lè yọ díẹ̀ nínú ti èyí tó ń tòògbé yẹn.”

“Ẹ má dá a lóhùn, Màmá,” ni ẹni tó ń tòògbé wí. “Tí kì í bá ṣe àwa tí à ń yí igi fún un, afẹ́fẹ́ ni ẹ̀rọ rẹ̀ ì bá máa jẹ.”

Ibẹ̀ ni obìnrin kan ti gba ẹ̀yìn ẹ̀rọ jáde, ó ru ìyẹ̀fun pákó kún abọ́ ńlá. Orúkọ rẹ̀ ni Ràmọ́tà. Kò sí nínú mẹ́rin tí ọ̀gá kọ. Matilda tẹ̀ lé e dé ibi tó ń dà á nù sí.

“Ìwọ ńkọ́? Èló ni wọ́n ń fún ọ?”

Ràmọ́tà kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. “Mà, ṣé ọ̀gá ò ní gbọ́?”

“Òfin ò gbà á. Ẹni tó bá fi ohun tí o bá sọ han ẹlòmíràn, wọ́n lè gbé e lọ sí kóòtù.”

“Ọ̀gá ní èmi kì í ṣe òṣìṣẹ́, wọ́n ní àwọn kàn ṣàánú mi ni. Tí wọ́n bá gbọ́ pé mo pe ara mi ní òṣìṣẹ́, ọjọ́ yẹn náà ni màá lọ. Ọdún kẹta mi rèé níbí, Mà. Àádọ́ta náírà, àti èéfọ́ pákó tí mo ń rù lọ tà l’Áyépé fún àwọn tó ń dáná. Ohun tí èmi àtàwọn ọmọ mẹ́ta ń jẹ nìyẹn.”

“Kò ní gbọ́,” ni Matilda wí. Ohun tó ń sọ fún gbogbo ènìyàn ni.

Ó mú bírò pupa, ó fagi lé iye tí ọ̀gá kọ, ó sì kọ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ẹni tó ń la igi, ọ̀kan, àádọ́jọ; àwọn tó ń yí igi, mẹ́ta, ọgọ́rùn-ún; obìnrin tó ń kó ìyẹ̀fun pákó, ọ̀kan, àádọ́ta. Lábẹ́ rẹ̀ ó kọ pé, ẹnu àwọn fúnra wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Tí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó di ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà. Pín in sí márùn-ún, ó di ọgọ́rùn-ún. Ọgọ́rùn-ún yẹn ló lọ sí Abẹ́òkúta, pẹ̀lú iye tí ọ̀gá kọ́kọ́ kọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún, Abẹ́òkúta kọ̀wé: iye tí akọ̀wé kọ yàtọ̀ sí ti ọ̀gá, kí ọ̀gá fọwọ́ sí èyí tó jẹ́ òótọ́, kó sì lu òǹtẹ̀. Ìlànà ni pé kí akọ̀wé da àròpọ̀ nìkan kọ sórí fọ́ọ̀mù tuntun, kó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá náà, kí fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ má kúrò ní ọ́fíìsì láéláé. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tuntun ti tán láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ tí bébà sì ti gbówó lórí. Ó yẹ kí Matilda fi rúlà fa ìlà sórí bébà lásán, kó fọwọ́ kọ ọ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́kànlá ló wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Fálẹ́yẹ sì dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Ìyá Ìbejì, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ lónìí o. Abẹ́òkúta ti fẹ́ bú mi pa.”

Ó fọwọ́ kọ mẹ́wàá. Ti ìkọkànlá, tó jẹ́ ti Ìbítáyọ̀, fọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ mú, tó kì í sínú àpò ìwé, tó fi ahọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, tó gbé e fún awakọ̀ tó ń lọ sí Odògbólú. Kò sí ohun tó rò nígbà tó ń ṣe é.

Ọjọ́ kẹfà ni ìwé padà dé pẹ̀lú òǹtẹ̀ ṣọ́míìlì. Ìgbà tó fà á yọ ló tó rí bírò pupa tirẹ̀. Ìbítáyọ̀ kò jiyàn mọ́ lórí iye owó àwọn ọkùnrin. Ó fọwọ́ sí i bí Matilda ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ó fi rúlà fa ìlà dúdú la ìlà kẹta já, ìlà obìnrin tó ń kó ìyẹ̀fun pákó, ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: “Mẹ́rin péré ni mo ní. Mo ti ṣe àtúnṣe.”

Matilda jókòó, ó ń dúró de àyà rẹ̀ kó já. Kò já. Ó ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì jẹ ìyókù oúnjẹ rẹ̀ tán.

Ó lọ sí Odògbólú ní ọjọ́ kejì. Ìyẹ̀fun pákó ti ga dé orúnkún lẹ́yìn ẹ̀rọ. Bọ́dúnrìn kò pa ẹ̀rọ fún un.

“Wọ́n ti lé e láti ọjọ́ Ajé, Màdáàmù,” ó pariwo lórí ariwo ẹ̀rọ. “Ẹ ṣeun. Ẹ kú iṣẹ́ ìjọba.”

Ìbítáyọ̀ gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀, ó fún un ní àga. Ẹni ọgọ́ta ọdún ni, díákónì, ẹni tí ohùn rẹ̀ kì í ga.

“Lónìí ẹ ka márùn-ún,” ó wí. “Lọ́la, àwọn agbowó-orí á ní kí n wá san ti márùn-ún. Lọ́túnla, wọ́n á ní kí ló dé tí ẹni karùn-ún ń gba àádọ́ta. Èmi tí mo ṣàánú obìnrin!”

“Bàbá, ìwé wa kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn agbowó-orí.”

“Ìwé yín dé ọ̀dọ̀ tèmi.”

Matilda kúrò lórí àga, ó kúnlẹ̀. “Ẹ̀bi mi ni, sà, kì í ṣe tirẹ̀. Èmi ni mo bi í. Ẹ jẹ́ kó padà.”

Ìbítáyọ̀ tọ́ka sí àga. “Ẹ dìde, Màdáàmù, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Ó lè padà. Ṣùgbọ́n mẹ́rin ni kí ìwé yín máa sọ. Tí ìwé yín bá ti ń sọ mẹ́rin, èmi ò ní ìjà. Ogójì náírà ni màá sì máa fún un, nítorí ó ti kó mi láyà jẹ.”

Iye ti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ti wọ Èkó lọ, Abẹ́òkúta kò dúró de òǹtẹ̀. Kò ṣeé fà padà. Ti oṣù mẹ́ta kejì ló wà nínú báàgì Matilda, ó sì ṣófo. Ó rò ó bó ṣe máa ń rò ó níbi iṣẹ́. Bó bá kọ márùn-ún, Ràmọ́tà kò ní sí níbẹ̀, irọ́ ni. Bó bá kọ mẹ́rin, Ràmọ́tà á padà wá, irọ́ náà ni. Nínú irọ́ méjèèjì, ọ̀kan ní ogójì náírà àti èéfọ́ pákó nínú.

Ó kọ mẹ́rin. Ìbítáyọ̀ lu òǹtẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Adébùsọ́lá wá láti yunifásítì. Ó ń kọ̀wé oyè lórí owó òṣìṣẹ́, Fálẹ́yẹ sì fún un ní tábìlì tí Matilda ti ń jẹun. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó da ìpíndọ́gba ilé-iṣẹ́ méjìlélọ́gbọ̀n kọ láìmọ orúkọ wọn, nọ́ńbà nìkan. Ní ọjọ́ kẹta, ó pariwo.

“Mà! Ẹ wo èyí, iṣẹ́ igi. Ọgọ́rùn-ún ni nígbà àkọ́kọ́, ó di méjìléláàádọ́fà àti ààbọ̀. Ó fi ìdá méjìlá àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún gòkè! Nínú ọ̀wọ́n yìí! Ọ̀gá wọn mà lawọ́ o.”

“Bẹ́ẹ̀ ló wà níbẹ̀,” ni Matilda wí.

“Ṣùgbọ́n ẹ ò kọ ìdí rẹ̀. Nọ́ńbà kìíní ni pé wọ́n fi kún owó. Èkejì ni pé wọ́n ṣe àṣekún iṣẹ́. Ẹ̀kẹta, òṣìṣẹ́ dín. Èwo ni?”

Matilda wo ojú ọmọ náà. Ó rí i pé bóun bá sọ ọ́, á kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí pé ọmọ tó fẹ́ mọ̀dí ni. Ohun tí wọ́n bá sì ti kọ sílẹ̀, kò sí ẹni tó mọ tábìlì tó máa balẹ̀ sí.

“Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.”

“Àyè tó bá ṣófo, Mà, yíyọ ni wọ́n máa ń yọ ọ́ kúrò.” Adébùsọ́lá ronú díẹ̀, ó sì kọ nọ́ńbà kìíní. Matilda rí i. Ó ṣí fáìlì mìíràn.

Ní oṣù kọkànlá, ó tún dé ṣọ́míìlì fún ti oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ọdún. Ràmọ́tà ló kọ́kọ́ rí i. Ó sọ abọ́ kalẹ̀, ó yára yà sẹ́yìn òkìtì gẹdú, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Bọ́dúnrìn pa ẹ̀rọ.

“Mẹ́rin ni wá o, Màdáàmù! Ẹ wá kà wá!”

Matilda na bírò sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Etí ìró Ràmọ́tà yọ síta láàárín igi méjì, kò sì fà á wọlé. Matilda kọjú sí ọ̀nà, ó gbé fọ́ọ̀mù lé orí báàgì rẹ̀, ó kọ mẹ́rin.