Nígbà Tí Akin Atẹ́gùn Já Sódò

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní Iléṣà, kò sí fọganáísà tí àwa ọmọdé kì í kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà lágbègbè wa á ti mọ ohun tó fà á. Fíìmù Akin Atẹ́gùn ni. Fọganáísà ni Akin, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń fẹ́ táyà létí títì, kí ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ ẹ tó bú mọ́ ọn lára lọ́jọ́ kan. Àtọjọ́ náà ló ti ń fò, tó sì ń fi èémí ẹnu lásán gbé mọ́tò kúrò lójú ọ̀nà.

Kí n má purọ́, apá kìíní kò dára. Okùn tí wọ́n fi gbé e kọ́ hàn kedere, kọ́tìnnì pálọ̀ ẹnì kan ni wọ́n sì so mọ́ ọn lọ́rùn, òdòdó ara rẹ̀ wà níbẹ̀ rekete. Délé ẹ̀gbọ́n mi ní okùn kọ́, atẹ́gùn ló nípọn, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí apá kejì máa fi dé, wọ́n ti rán aṣọ gidi fún un, aláwọ̀ ewé, pẹ̀lú ìbòjú dúdú. Ní apá kẹta, kọ̀ǹpútà ti wọ̀ ọ́. Akin fò kọjá lórí Igbó Ọ̀ṣun láìsí okùn kankan, a sì pariwo débi pé ará ilé kejì wá béèrè bóyá olè ló wọlé wa.

Gbogbo àdúgbò ló kó àrùn Akin. Onígbàjámọ̀ ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri. Alákàrà iwájú ilé wa ní àkàrà tòun fúyẹ́ ju Akin lọ. Ọlọ́kadà tó bá sáré àsápajúdé, Akin Atẹ́gùn ni wọ́n á pè é. Délé ní tirẹ̀ mú ìborùn funfun tí Màámi fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó so ó mọ́rùn, ó gun igi máńgòrò, ó sì fò. Ilẹ̀ ló gbà á. Ìborùn ni Màámi kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò, kó tó wo ọwọ́ Délé tó wú. Àwa méjèèjì la kúnlẹ̀ kojú sógiri, tí a nawọ́ sókè, nítorí èmi ni mo di àkàbà tó fi gun igi mú. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń gún iyán, òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sì ń wọlé bá wa níbẹ̀. Màámi ní bí Ọlọ́run bá fẹ́ kí á fò, ì bá ti fún wa níyẹ̀ẹ́.

Ṣùgbọ́n Yèyé, ìyá tó bí bàbá mi, ni àrùn Akin mú jù. Wọ́n mú un wá sọ́dọ̀ wa láti Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà nítorí ojú rẹ̀ tó ń ṣókùnkùn. Bí Akin bá ti dé, Yèyé á fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, imú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án. Bàbá ṣàlàyé títí pé eré lásán ni. Yèyé ní, "Ẹni tí mo fojú ara mi rí tó ń làágùn?"

Ìparí apá kẹta ló dá wàhálà sílẹ̀. Àwọn ọ̀tá yìnbọn fún Akin lójú òfuurufú, ó já sódò, ìbòjú rẹ̀ nìkan ló léfòó. Ni wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí á máa retí apá kẹrin. Yèyé káwọ́ lérí. Lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí pásítọ̀ béèrè ẹni tó ní ẹ̀bẹ̀ àdúrà, Yèyé dìde, ó ní, "Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run fún ọmọ wa kan tó já sódò, a ò tíì rí i." Gbogbo ìjọ kẹ́dùn, wọ́n sì gbàdúrà kíkankíkan. Bàbá dorí kodò bí ẹni tó ń wá nǹkan nílẹ̀. Èmi ṣe àmín tọkàntọkàn.

Apá kẹrin kò sì dé. Ojú Yèyé ń burú sí i. Bí mo bá ti ilé ìwé dé, kó tó bi mí bóyá mo jẹun, á bi mí bóyá wọ́n ti rí i. Ó ní ohun kan ṣoṣo lòun ń bẹ Ọlọ́run fún, kí òun rí i bóyá ọmọ náà yè kí ojú òun tó kú pátápátá. Nígbà tí àbúrò Màámi mú kásẹ́ẹ̀tì apá kẹrin wá láti Òkè Baálẹ̀ ní Òṣogbo, Yèyé kò mọ ẹnu ọ̀nà yàtọ̀ sí fèrèsé mọ́. Ó dùn mí dọ́kàn.

Mo jókòó tì í, mo sì ń sọ ohun tí mo ń rí fún un. Mo ní, "Ó ti jáde lódò, Yèyé. Aṣọ rẹ̀ wà lọ́rùn, ìbòjú wà lójú." Gbogbo ilé hó. Délé gun orí àga. Akin wá lanu sọ̀rọ̀, Yèyé sì gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ dákẹ́ ná. Èyí kọ́."

A ní òun mà ni. Ó ní ohùn ọmọ òun kọ́ nìyẹn. Bàbá gbé páálí kásẹ́ẹ̀tì, ó kà á, ó sì ní òótọ́ ni, wọ́n ti pààrọ̀ ẹni tó ń ṣe é. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwa tí ojú wa là tó fura.

Yèyé sunkún. Ó ní, "Odò ti gbé e lọ." Bàbá fẹ́ tún ṣàlàyé, Màámi ṣẹ́jú sí i pé kó fi í sílẹ̀. Nígbà tó pẹ́, Yèyé fi etí ìró nu ojú, ó ní kí á má bínú sí ọmọ tuntun náà. Ó ní, "Ṣé bí Ọwá bá wàjà, Iléṣà ń wà láìlọ́ba ni? Wọ́n á fi òmíràn jẹ ni." Ó nawọ́ síbi fèrèsé, mo rọra darí ọwọ́ náà sí tẹlifíṣọ̀n, ó sì súre fún un.

"Kí ìbòjú pẹ́ lójú, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀."

Àmín Bàbá ló ròkè jù.

Lóde òní, ilé sinimá ti wà ní Òṣogbo, ó tutù bí inú fíríìjì, ike ńlá ni wọ́n sì fi ń ta gúgúrú. Láìpẹ́ yìí, mo mú Tóbi ọmọ mi lọ wo Akin Atẹ́gùn tuntun. Iṣẹ́ ọ̀hún dáa, kọ́tìnnì ti di ìtàn. Nígbà tí Akin já bọ́ látòkè, mo di àga mú. Tóbi rọra ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì. Wọ́n ti polówó apá tó kàn." Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ti mọ òpin kí ìbẹ̀rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Àánú wọn ṣe mí díẹ̀.

Bí a ṣe ń darí bọ̀ wálé, orí fóònù ni Tóbi wà, ó ń bá àwọn tí kò mọ̀ rí jà pé Akin tuntun yìí, ayédèrú ni, ti àtijọ́ nìkan lòun mọ̀. Mo páàkì mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mo ní kó gbé fóònù sílẹ̀, kó nawọ́ sókè. Ó ní kí lòun ṣe.

Mo ní, "O ò ṣẹ̀ mí. Wọ́n fi ọba tuntun jẹ, o ò sì tíì kí i."

Mo kọ́ ọ ní ohun tí Yèyé wí. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, ṣùgbọ́n ó súre náà.