Ilé Tí Ọ̀gá Bisáda Fi Ẹnu Dídùn Ta Lọ́rẹ

Ẹnu dídùn ló dá ilé ìwé àwọn Sístà ìjọ Àgùdà sílẹ̀ ní Nága Rísíkà. Kì í ṣe Póòpù, kì í sì í ṣe ọba tó wà ní Káírò nígbà náà. Ọ̀gá Bisáda Kéládà, oníṣòwò orù omi, ló ń fi ilé tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un létí odò Náílì han Sístà Kílótíldà, obìnrin Faransé tó ń wá ibi tó máa háyà fún ilé ìwé àwọn ọmọbìnrin. Sístà wo àjà, ó wo fèrèsé, ó ní, "Ilé yìí mà dára o." Bisáda gbé ọwọ́ lé àyà, ó ní, "Tiyín ni, Sístà." Ohun tí ọmọlúàbí ń sọ nìyẹn lọ́dọ̀ wa tí àlejò bá yin nǹkan ẹni, ìbáà ṣe ẹ̀wù ọrùn ẹni. Àlejò á ní, "Kí Ọlọ́run jẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Sístà Kílótíldà ní, "Ẹ ṣeun púpọ̀."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ti to sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bẹ́ǹṣì lẹ́yìn wọn. Ìlú tú jáde wá wòran. Ta ni ò mọ Bisáda? Ọkùnrin tó lè fi orù kan ṣoṣo dá oníbàárà dúró títí oúnjẹ ọ̀sán onítọ̀hún á fi tutù. Ọkùnrin tó ń ná owó ọkọ̀ ojú omi títí ọkọ̀ á fi gúnlẹ̀ sí òdìkejì, tí ọlọ́kọ̀ á ní kó kúkú sọ̀kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n fẹ́ gbọ́ bó ṣe máa lọgun. Bisáda wo kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó wo àwọn èèyàn, ó tún láwàní rẹ̀ wé. Ó ní, "Sístà, kí ló dé tí ẹ pẹ́ báyìí? Láti àná ni mo ti ń retí yín."

Bó ṣe di olóore ìlú nìyẹn, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bó bá ti ń sọ ìtàn náà ni ìtàn ń sanra sí i. Lọ́jọ́ kan, ó ní Màríà Mímọ́ fúnra rẹ̀ ló wá tọrọ ilé náà lójú oorun. Abdutawábù onígbàjámọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní, "Lọ́dún tó kọjá, áńgẹ́lì lo ní ó wá."

"Áńgẹ́lì ló kọ́kọ́ wá," ni Bisáda dáhùn. "Mo ná an títí, ló bá lọ pe ọ̀gá rẹ̀."

Ẹ rẹ́rìn-ín o, kò burú. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ò pa lẹ́rìn-ín. Ìnsáfù ni, ọmọbìnrin Bisáda, ọmọ ọdún méje nígbà náà. Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wọlé ìwé, ọmọ Àgùdà, ọmọ ìjọ Kọ́bítì, ọmọ Mùsùlùmí, títí kan Nàfísà ọmọ onígbàjámọ̀. Òun nìkan ni bàbá rẹ̀ ò jẹ́ kó lọ.

"Ẹni tó bá ta èèyàn lọ́rẹ, tó wá ń jẹ nínú ọrẹ náà, ọjà ló tà," ni Bisáda wí. "Wọn á ní mo fi ilé ra ìwé fún ọmọ mi."

"Ẹ sanwó ilé ìwé rẹ̀ nígbà náà," ni ìyàwó rẹ̀ sọ.

"Kí n sanwó kí ọmọ mi tó wọ ilé baba mi?"

Ẹ gbà mí. Kí lèèyàn fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ?

Iṣẹ́ Ìnsáfù ni kó máa ṣọ́ búrẹ́dì tí wọ́n sá sóòrùn lórí òrùlé pẹrẹsẹ kó lè wú kó tó wọ ààrò. Láti ibẹ̀, ó ń gbọ́ àwọn ọmọ tó ń ka álífábẹ́ẹ̀tì, ẹnu tirẹ̀ náà á sì máa tẹ̀ lé e, títí ìyẹ̀fun pípò náà á fi wú kọjá ààlà tí ìyá rẹ̀ á fi pariwo mọ́ ọn. Àdúrà kan ṣoṣo ló ń gbà: kí ẹnì kan ṣáà lè borí bàbá òun níbi ọjà níná.

Sístà Kílótíldà gbìyànjú. Ó wá sílé, ó ní, "Ọ̀gá Bisáda, mo ti gbé Káírò fún ọdún mẹ́sàn-án kí n tó dé ìlú yín. Mo mọ ohun tí èèyàn ń dáhùn sí 'Tiyín ni.' Mo mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe bí ẹni tí ò mọ̀ ni. Ẹ ò ta mí lọ́rẹ, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ yín. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí Ìnsáfù wá, kó jẹ́ ẹ̀san."

Bisáda tún láwàní rẹ̀ wé. Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé ẹ gbà á lọ́wọ́ mi, òmùgọ̀ ni mí. Bó bá jẹ́ pé mo fún yín, èèyàn ńlá ni mí. Sístà, bí èèyàn ńlá ni mo fẹ́ kú."

Ìnsáfù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò sunkún. Ó padà sórí òrùlé lọ ṣọ́ búrẹ́dì.

Ọdún gorí ọdún. Ìnsáfù lọ́kọ, ó bímọ, ọkọ kú, ó padà wálé wá tọ́jú bàbá rẹ̀ tó ti di arúgbó. Nígbà tó yá, ikọ́ dé bàbá mọ́lẹ̀, wọ́n sì fún Ìnsáfù ní ìgò oògùn méjì, ọ̀kan fún mímu, ọ̀kan fún fífi pa àyà. Bisáda jókòó lójú fèrèsé, ó rí ọmọ rẹ̀ láàárín ìta, tó na ìgò méjèèjì sí Nàfísà.

"Nàfísà, jọ̀ọ́, èwo ni mímu níbẹ̀? Má jẹ̀ẹ́ kí n pa bàbá mi."

Nàfísà ò tiẹ̀ dúró dáadáa kó tó kà á. Bisáda fa ara rẹ̀ sẹ́yìn kúrò lójú fèrèsé. Lọ́jọ́ yẹn, kò mu oògùn, kò sì jẹ́ kí wọ́n fi pa òun láyà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọ agbádá onírun àgùntàn tó fi gbéyàwó, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ dé ilé ìwé. Sístà Márútà, ọmọ Íjíbítì, ló ti di ọ̀gá níbẹ̀. Wọ́n gbé kọfí wá, Bisáda gbé e kalẹ̀, kò fẹnu kàn án. Sístà mọ̀ pé ẹ̀bẹ̀ ni àgbàlagbà gbé wá tí kò bá mu kọfí, kò sì ní mu ún àfi tí wọ́n bá gbà fún un.

"Kí lẹ fẹ́, Bàbá?"

"Ọmọ mi obìnrin kan ni mo fẹ́ mú wá sílé ìwé."

"Ọmọ ọdún mélòó ni?"

"Mẹ́tàlélógójì."

Sístà wò ó bóyá orí rẹ̀ ṣì pé. "Bàbá, ọmọ ọdún méje là ń gbà sí kíláàsì àkọ́kọ́."

"Ọmọ ọdún méje náà ni," ni Bisáda wí. "Èmi ni mo jókòó lé ìyókù."

Sístà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ife náà fún un. Ó ní, "Ẹ mu ún kó tó tutù, Bàbá."

Bí Ìnsáfù ṣe wọ kíláàsì nìyẹn, nínú yàrá tí ìyá rẹ̀ ti bí i kí wọ́n tó kó kúrò níbẹ̀, orúnkún rẹ̀ ò sì gba abẹ́ tábìlì. Lọ́sàn-án, Bisáda á wá jókòó lẹ́nu ọ̀nà láàárín àwọn ìyá ọmọ, á di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, wọn á jọ máa lọ sílé.

"Kí ni wọ́n kọ́ ẹ lónìí?"

"Lẹ́tà méjì, Bàbá."

"Méjì péré? Pẹ̀lú odindi ilé? Padà lọ, ní kí wọ́n fi ẹ̀kẹta ṣe ènì."

Ìnsáfù ò tíì ka lẹ́tà tán tí bàbá fi kú. Níbi tí wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀, Abdutawábù tó ti di arúgbó náà ń sọ bí Bisáda ṣe ń ná Fáda lórí ibùsùn ikú, pé àdúrà mẹ́ta tó ní kó gbà fún ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti pọ̀ jù, kó jẹ́ kí àwọn ṣe é ní méjì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Ìnsáfù sì rẹ́rìn-ín jù wọ́n lọ, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nàfísà sún mọ́ ọn, ó bi í jẹ́jẹ́ bóyá ó ti dárí ji bàbá rẹ̀.

"Tipẹ́tipẹ́," ni Ìnsáfù wí. "Mo fẹ́ràn rẹ̀, bàbá dáadáa ni. Ṣùgbọ́n Nàfísà, ì bá wù mí ká jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà nígbà tí ẹsẹ̀ wa ò tíì kan ilẹ̀."