Bàtà Tí Mo Fi De Ìyá Mi Lẹ́sẹ̀

Ní oko wa lẹ́yìn Àgọ́-Àmọ́dù, ẹni tó bá wọ bàtà wọ àárín ebè nígbà tí a bá ń gbin iṣu ń wá ọ̀rọ̀ ni. Màmá mi kì í ṣe aláriwo, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rí bàtà ní poro oko, wọn á ní kí oníbàtà náà jáde, kó lọ bọ́ ọ lábẹ́ igi, kó tó padà wá. Wọ́n ní bàtà ò lójú. Àtẹ́lẹsẹ̀ ló ń mọ ibi tí ilẹ̀ ti le àti ibi tí ebu, iṣu tí a gé gbìn, ti ń yọ ẹnu lábẹ́ koríko tí a fi bò ó. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa nìyẹn.

Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi lọ ilé ìwé títí mo fi dé kíláàsì karùn-ún. Tó bá di ọ̀sán ẹ̀ẹ̀rùn, yangí ojú ọ̀nà á ti gbóná, a ó máa sáré láti abẹ́ igi kan bọ́ sí abẹ́ òmíràn, a ó dúró, a ó gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì, a ó tún sá. Tí ẹ̀gún bá gún wa, ẹ̀gún mìíràn la fi ń yọ ọ́. Àwọn ẹgbẹ́ mi máa ń sọ ọ́ lónìí bíi pé ó dùn. Kò dùn o. Mo kórìíra rẹ̀. Nígbà tí mo di nọ́ọ̀sì tí mo sì ń gbowó oṣù ní Ṣakí, bàtà ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Mo rà á títí ọkọ mi fi bi mí bóyá ọ̀kún ni òun fẹ́.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni màmá mi wá kí mi láti oko. Wọ́n na ẹsẹ̀ lórí àga, mo sì rí igi tóóró kan tó kán sí gìgísẹ̀ wọn. Ojú ibẹ̀ ti wú, ó ti ń ṣọyún. Mo bi wọ́n pé ìgbà wo ni igi gún wọn, wọ́n ní igi wo? Mo gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, àtọ̀gbẹ ni. Ó ti wà lára wọn tipẹ́, ó sì ti pa ẹsẹ̀ méjèèjì kú, débi pé bí iná bá jó wọn níbẹ̀ wọn kò ní mọ̀. Dókítà sọ fún mi pé tí wọ́n bá ń fẹsẹ̀ lásán rìn, ọjọ́ kan ni egbò kan máa mú ẹsẹ̀ náà lọ. Kò ní láti ṣàlàyé púpọ̀ fún mi. Mo ti wẹ egbò fún àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀, mo sì mọ bí wọ́n ṣe máa ń wo ibi tí ẹsẹ̀ wọn wà tẹ́lẹ̀.

Mo bá pàṣẹ. Mo ní wọn kò ní padà sóko mọ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n á máa gbé. Mo ra bàtà kánfáàsì tó fẹ̀ díẹ̀ fún wọn, mo ra ìbọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ilé ìwẹ̀, mo ní ẹsẹ̀ wọn kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀.

Ẹni tó bá mọ ilé mi á mọ̀ pé kò sí ilẹ̀ níbẹ̀ náà, àfi ibi kékeré kan lẹ́yìnkùlé. Táìsì ló wà nínú ilé, sìmẹ́ǹtì ló wà níta, fẹ́ǹsì yí i ká, géètì sì wà ní títì. Màmá mi á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti àárọ̀, wọn á kọjú sí géètì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá, wọ́n ti bọ́ bàtà. Wọ́n ní àwọn ò lè fi bàtà wọ ilé ọkọ ọmọ àwọn. Bí àgbà àdúgbò bá wá kí wa, màmá á bọ́ ọ kí wọ́n tó kúnlẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá ń lọ síwájú lọ dúpẹ́, ó tún di bíbọ́, èmi á máa ṣẹ́jú sí wọn láti orí ìjókòó. Àwọn ọmọ mi di ọlọ́pàá nínú ilé: “Mọ́mì, màmá àgbà ti bọ́ bàtà o!” Èmi á sì jáde, èmi á pariwo mọ́ ìyá tó bí mi bí ẹni ń pariwo mọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe.

Ní ọjọ́ kan mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá wọn lẹ́yìnkùlé, níbi ilẹ̀ pẹ́ńpẹ́ tí mo gbin ilá sí. Bàtà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n kàn dúró lórí ilẹ̀ tútù náà ni, wọ́n di ojú. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá.

“Ilẹ̀ ni mò ń wá,” wọ́n ní. “Mo tẹ̀ ẹ́ títí, n kò mọ̀ ọ́n lára mọ́.”

Ó yẹ kí n jókòó tì wọ́n. Ìbínú ni mo fi gbé bàtà, mo kúnlẹ̀, mo so okùn rẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀ dan-in dan-in.

Nígbà tí àkókò ìgbin iṣu dé lọ́dún tó kọjá, wọn ò jẹun dáadáa mọ́. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn lọ bá ẹ̀gbọ́n mi tó ń dáko náà báyìí, pé àwọn á kàn jókòó gé ebu fún un, láti ọjọ́ Ẹtì sí ọjọ́ Àìkú péré. Mo kọ̀, mo tún kọ̀. Nígbà tó yá mo gbà, ṣùgbọ́n mo nàka sí bàtà náà.

“Màmá, bàtà yìí ò gbọdọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ yín títí ẹ ó fi padà dé iwájú mi.”

Wọ́n wò mí díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ròyìn ìyókù fún mi. Ó ní màmá kò lè jókòó, wọ́n ń rìn láti ebè dé ebè, wọ́n ń fọwọ́ tọ́ka. Àwọn obìnrin tó wá bá wọn ṣiṣẹ́ ń pè wọ́n ní ìyàwó òyìnbó, màmá náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọmọ àwọn ló pàṣẹ. Nígbà tí àwọn yòókù lọ fọ ẹsẹ̀ lódò, màmá kò lọ. Ó ní nígbà tí ilẹ̀ ṣú, òun bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bọ́ bàtà sùn. Wọ́n ní òun fẹ́ kó àwọn sí wàhálà ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú wọ́n wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n na ẹsẹ̀ sí mi. Inú wọn ń dùn. Wọ́n ní, “Wò ó, n kò bọ́ ọ.” Mo tú okùn rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ẹran ara lábẹ́ àtàǹpàkò, òórùn sì kọ lù mí. Yangí kan wà nínú bàtà náà, kò tó hóró ẹ̀wà. Ó ti bọ́ síbẹ̀ lóko, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ méjì. Ẹlòmíràn ì bá ti mọ̀ kó tó gbé ẹsẹ̀ kejì. Ká sì ní wọ́n bọ́ bàtà náà lẹ́ẹ̀kan péré, yálà lódò ni o, yálà nígbà tí wọ́n fẹ́ sùn, ì bá ti já bọ́.

Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo máa ń dúró níwájú àwọn alátọ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn, tí mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbọn bàtà kí wọ́n tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kí wọ́n sì bọ́ ọ ní ìrọ̀lẹ́ láti wo àtẹ́lẹsẹ̀. Mo ti ń sọ ọ́ fún ọdún mọ́kànlá. N kò sọ ọ́ fún màmá mi rí. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé wọn kò gbọdọ̀ bọ́ ọ.

Wọ́n bi mí pé kí ló wà níbẹ̀. Mo ní ó bó díẹ̀ ni. Mo fi yangí náà sínú àpò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la lò ní wọ́ọ̀dù. Àwọn dókítà gé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ màmá mi, wọ́n gé èyí tó tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ló dúró, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Dókítà tuntun kan wá ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣí báńdéèjì, ó bi mí bóyá wọ́n fẹsẹ̀ lásán rìn ni. Mo ní oko ni wọ́n lọ. Ó mi orí, ó ní màmá kì í gbọ́ràn.

Màmá mi yíjú sí mi. Mo ń wo ilẹ̀.

“Ẹ má bínú, dókítà,” wọ́n ní. “Agídí ni mo ṣe. Ọmọ mi sọ ọ́ fún mi títí, n kò gbọ́.”

Wọ́n ti padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ báyìí, wọ́n ń kọjú sí géètì. Bí àlejò bá wọlé wá kí wọn, tó béèrè ohun tó ṣe ẹsẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ: agídí àwọn ni, ọmọ àwọn ti kìlọ̀ fún àwọn. Wọ́n ń sọ ọ́ lójú mi. Èmi á gbé omi fún àlejò náà, èmi á ní kó jókòó.