Àgékù Aṣọ Adélaní

Nígbà tí wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó kúrò lára Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n sì fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú, ọ̀pọ̀ ọmọ Oǹdó ló kó ẹrù wọn lọ síbẹ̀ láti wá iṣẹ́ ìjọba. Agnes Akíntóyè ò wá iṣẹ́ ìjọba ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló gbé dání. Ó gba yàrá kan ní Ìsìnkàn, ó sì gbé ẹ̀rọ náà sẹ́nu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni Adélaní Akínwùmí, ọmọ Ìjù tó ń wakọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ìjọba kan ní Alágbàka, gbé ṣòkòtò kàkí tó ya lórúnkún wá. Ó gba ṣòkòtò rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì ó tún dé, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tó ya. Kí ọdún tó yí po, wọ́n ti ṣègbéyàwó.

Agnes kì í da àgékù aṣọ nù. Èyí tó bá fẹ̀ díẹ̀, á fi rán pátá ọmọdé. Èyí tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́, á hun ún di aṣọ ìnusẹ̀. Èyí tí kò ṣeé fi ṣe nǹkan kan, inú ìrọ̀rí ló ń lọ. Àpò ìrẹsì tó gbó, á fọ̀ ọ́, á fi àǹkárá tẹ́ inú rẹ̀, ó di báàgì ọjà nìyẹn. Àwọn tó ń ru ẹrù ní Ọjà Ọba mọ òṣùká rẹ̀ dáadáa, nítorí kì í tú lórí.

Adélaní a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyá Modúpẹ́, mi ò gbọdọ̀ sùn gbàgbéra nínú ilé yìí o. O lè kì mí bọ inú ìrọ̀rí."

"Ta ló fẹ́ gbórí lé ẹ? Egungun lásán!"

Agnes ló ń rán gbogbo aṣọ ọkọ rẹ̀. Àgékù àwọn aṣọ náà nìkan ni kì í lò. Ó kó wọn sínú àpò kan lábẹ́ tábìlì, pé bí ọ̀kan bá ya, òun á rí ohun tí òun á fi lẹ̀ ẹ́.

Lọ́dún 1984, Adélaní gbé ọ̀gá kan lọ sí Òkìtìpupa. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ọkọ̀ agbégẹdú kan kọlù wọ́n nítòsí Oǹdó. Ọ̀gá náà yè é. Adélaní ò dé ilé ìwòsàn. Modúpẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin.

Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ẹbí rẹ̀ wá láti Ìjù kó ẹrù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Oyèníyì, ló ṣáájú wọn. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wọn ni. Wọ́n kó gbogbo aṣọ tó wà nínú àpótí. Ó ku bùbá àdìrẹ kan, èyí tí Modúpẹ́ dì mọ́ àyà.

"Ìyàwó, gba aṣọ yẹn lọ́wọ́ ọmọ."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀kan yẹn sílẹ̀ fún un. Òórùn bàbá ẹ̀ ló ń gbọ́ lára ẹ̀."

"Ọmọdé ni, á gbàgbé. Aṣọ àbúrò mi ò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù síbí."

Oyèníyì fúnra rẹ̀ ló rọra tú ìka ọmọ náà kúrò lára aṣọ. Modúpẹ́ ò sunkún, àfìgbà tí wọ́n dé títì. Nígbà tó wọlé, ó lọ wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbi tí bàbá rẹ̀ máa ń fi kàkí kọ́. Ìṣó nìkan ló bá.

Ìgbà yẹn ni Agnes rántí àpò abẹ́ tábìlì. Ó da á sílẹ̀: kàkí, gínnì ìgbéyàwó wọn, àdìrẹ tó gé lápá bùbá yẹn gan-an. Àwọn ẹbí ti kìlọ̀ fún un pé opó kì í jókòó sídìí ẹ̀rọ, torí náà abẹ́rẹ́ ọwọ́ ló fi so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di aṣọ ìbora. Ìró tirẹ̀ tó ti gbó ló fi tẹ́ abẹ́ rẹ̀.

Modúpẹ́ fi imú gbọ́ ọ. "Màámi, kò rùn bíi ti bàbá mi."

"Kò lè rùn bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Kò wọ àwọn wọ̀nyí rí. Ara àwọn tó wọ̀ ni mo ti gé wọn."

Síbẹ̀, abẹ́ rẹ̀ lọmọ náà sùn títí ó fi dàgbà. Á nàka sí ojú ibì kan, á ní, "Ibo ni wọ́n wọ eléyìí lọ?" Ìyá rẹ̀ á sì sọ fún un. Bó ṣe mọ bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Agnes ò lọ́kọ mọ́. Modúpẹ́ di tíṣà ní Oǹdó, ó sì fẹ́ Bámidélé níbẹ̀. Aṣọ ìbora náà wà nínú ẹrù ìyàwó tó gbé lọ. Kò pẹ́ tí oyún àkọ́kọ́ bà jẹ́ lára rẹ̀ ni ìyá ọkọ rẹ̀ wá kí i, ó sì rí aṣọ náà lórí ibùsùn.

"Aṣọ ta nìyí?"

"Aṣọ bàbá mi ni, Ìyá. Bàbá mi tó ti kú."

"Aṣọ òkú lo tẹ́ sórí ibùsùn ọmọ mi? O wá ń béèrè ìdí tóyún ò fi dúró?"

Ó ní òun ò ní fẹsẹ̀ tẹ ilé náà mọ́ bí aṣọ yẹn bá wà níbẹ̀. Bámidélé wolẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé, Modúpẹ́ kó o sínú ọ̀rá, ó wọkọ̀ Àkúrẹ́.

"Màámi, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀."

Agnes yọjú wo inú ọ̀rá náà. "Ṣé ó ya ni?"

"Kò ya, mà."

Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ká ẹnu ọ̀rá náà pọ̀. "Kò mọ Adélaní," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Bó bá mọ̀ ọ́n ni, kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Wá jẹun."

Ṣùgbọ́n nígbà tí Modúpẹ́ lọ tán, Agnes jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé aṣọ náà lé itan, ó sì sunkún bí kò ṣe sun ún nígbà ìsìnkú. Bísọ́dún tó ń ta ọṣẹ ní òdìkejì sáré wá dì í mú.

"Kí ló dé, Ìyá Modúpẹ́? Ta ló kú?"

"Bísọ́dún, ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ọmọ yìí."

Modúpẹ́ bímọ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó tún bí òmíràn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé aṣọ tó kúrò nílé ló fà á. Agnes gbé àwọn ọmọ náà jó.

Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì báyìí. Modúpẹ́ ló ń wá bá a fi òwú sábẹ́rẹ́, wọn á jọ jókòó máa rán òṣùká. Kò béèrè ibi tí ìyá rẹ̀ tọ́jú aṣọ náà sí, ìyá náà ò sì sọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ àti ọ̀wọ́n gaàrí ni wọ́n ń sọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Bámidélé á tẹ fèrè mọ́tò níta. Modúpẹ́ á dìde, á kúnlẹ̀, á ní ó di Sátidé tó ń bọ̀.