Ẹnìkan Péré Nínú Ilé Kan

Ọdún tí nǹkan le jù lọ, tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń ti ilẹ̀kùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ni ìjọba kéde àtúntò. Wọ́n pa ọ́fíìsì mẹ́ta pọ̀ di ẹyọ kan, wọ́n sì ní kí àwọn akọ̀wé tó pọ̀jù máa lọ sílé. Ọ̀kan nínú wọn ti lo ọdún mẹ́sàn-án nídìí fáìlì. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì ló gba lẹ́tà tirẹ̀. Ó kà á tán, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi sápò, ó sì parí iṣẹ́ ọjọ́ náà kó tó wálé.

Aránṣọ ni ìyàwó rẹ̀, yàrá iwájú ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ ta ló ń rán aṣọ tuntun nígbà yẹn? Ṣòkòtò ọmọléèwé tó ya nídìí ló kù tí wọ́n ń gbé wá.

Àtúntò kan náà ló tún mú iṣẹ́ mìíràn wá. Ìjọba fẹ́ gba àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ láti ri páìpù omi mọ́lẹ̀ káàkiri àdúgbò. Ẹnìkan péré ni wọ́n máa mú nínú ilé kan.

“Ẹ lọ forúkọ sílẹ̀,” ìyàwó wí.

“Èmi? Kí n máa gbẹ́lẹ̀ létí títì, kí àwọn tí mò ń bá buwọ́ lùwé lánàá máa kí mi kú iṣẹ́?”

“Ọmọ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ yìí, Bàbá wọn.”

“Mo ti sọ tèmi.”

“Ó dáa. Èmi á lọ.”

Ọkọ rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àwàdà ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó wọ ògbólógbòó ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, ó lọ tò sórí ìlà. Ẹni tó ń kọ orúkọ wò ó látòkèdélẹ̀.

“Ìyá, wọn ò pín ẹ̀bùn níbí o.”

“Mo mọ̀. Ṣọ́bìrì dà?”

Gbogbo ìlà bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà á.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó yánnayànna. Ṣùgbọ́n ojú aránṣọ ló fi ń wo iṣẹ́: kí ọ̀gá tó fi ìwọ̀n sí i, ó ti mọ̀ pé páìpù méjì kò ní bára mu. Nígbà tó fi máa di ọdún kejì, ó ti kúrò nídìí ṣọ́bìrì, wọ́n sì ń pè é ní Ìyá Onísípánà. Nígbà tí ètò náà kásẹ̀ nílẹ̀, ilé-iṣẹ́ omi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ọkọ ni tiẹ̀ kọ́kọ́ ń fara pamọ́ sílé. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ló ti ń wo àwọn tó ń kọjá. Nígbà tó yá, irun ọmọbìnrin wọn ń fẹ́ dídì, ìyá kò sì sí nílé. Ó jókòó, ó dì í. Ó dà bí ìgbà tí adìẹ bá fi ẹsẹ̀ tú u. Àdúgbò rẹ́rìn-ín títí. Kí ọdún tó yípo, ọmọ aládùúgbò méjì ti ń tò dè é láràárọ̀. Òun ló ń dáná, òun ló ń gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná lọ sọ́sípítù, bó sì ṣe máa ń yẹ fáìlì wò náà ló ń yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá wọn wò.

Lọ́dún keje, wọ́n kọ̀wé pè é padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀.

“Wọ́n lé yín ni?” ìyàwó bi í.

“Kò sẹ́ni tó lé mi. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe gbogbo ẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọ ọ́fíìsì yẹn ń fi sùúrù kọ́ mi. Sùúrù yẹn gan-an lara mi ò gbà.”

Ìyàwó bu omi fún un.

Nígbà tí Ìyá Onísípánà fẹ̀yìn tì, òfin ka àwọn ọdún tó fi gbẹ́lẹ̀ mọ́ ti ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ti ọkọ rẹ̀ kò wọlé. Ọdún mẹ́wàá ló gbọ́dọ̀ pé. Ọkọ ló ka ìwé ìfẹ̀yìntì náà fún un. “Wọ́n kọ orúkọ ẹ dáadáa,” ó wí.

Ọdún yẹn kan náà ni àbíkẹ́yìn wọn, tí wọ́n bí lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ bàbá, ń kún fọ́ọ̀mù yunifásítì nínú pálọ̀. Bàbá ń ká aṣọ tí wọ́n fọ̀.

“Bàbá, wọ́n ní kí n kọ iṣẹ́ yín.”

Bàbá ká èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán.

“Kọ akọ̀wé ìjọba.”

Ọmọ náà gbé bírò sókè, ó wo ìyá rẹ̀.

“Ṣé o ò gbọ́ ohun tí bàbá ẹ wí ni?” ìyá fèsì.

Ó kọ ọ́ síbẹ̀.