Orúkọ Bàjẹ́ ní Ìlọrin, Ọ̀daràn Wà ní Kútọnu

Ọlọ́pàá sọ fún màmá mi lónìí pé àwọn ti mọ ibi tí ẹni tó ba orúkọ wọn jẹ́ wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ò tó o.

Màmá mi máa ń kọ́ àwọn obìnrin ní kéwú nílé wa ní àdúgbò Fate n'Ílọrin. Ẹnì kan jí fọ́tò wọn, ó fi ṣí ojú ìwé sórí Fesibúùkù, ó wá ń polówó oògùn ìfẹ́ lórúkọ wọn. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ò ṣe wá mọ́ nìyẹn.

Ni mo bá sin màmá mi lọ fẹjọ́ sùn ní tèṣán. Lónìí ni wọ́n ní ká padà wá gbọ́ èsì. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó dá wa lóhùn bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an.

"Àlájà, Kútọnu ni fóònù tí wọ́n fi ṣí ojú ìwé náà wà. A ò lè kọjá bọ́dà lọ mú èèyàn ní ìlú onílùú. Àbújá ló máa kọ̀wé sí ìjọba ibẹ̀, àwọn náà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà ná."

"Ṣebí Ìlọrin níbí ni wọ́n ti ń pè mí ní oníṣègùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣẹ̀ yín ò sí níbí."

Màmá mi ní àlùhámúdù, wọ́n dìde. Ilé akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ sá ni wọ́n ní ká yà sí. Wọ́n jókòó, wọ́n ń ṣàlàyé ara wọn fún ẹni tí wọ́n kọ́ láti álífù. Obìnrin náà bú sẹ́kún. Màmá mi ò sunkún.

Ojú ìwé yẹn ṣì wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ òfin, ìlú wo gan-an la ti máa ṣẹjọ́ yìí?